Ẹ Wo Gíga Táǹkì Kí Ẹ Tó Ra Hítà

Bí Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́, tí àwọn ọmọ fẹ́ wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Èkó àti òkè òkun, fọ́ọ̀mù owó yíyá fún hítà omi kì í wọ́n lórí tábìlì wa. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ká jọ kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ lóṣù yìí.

Ìyá kan nínú wa yáwó, wọ́n ra hítà kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri balùwẹ̀, èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣí ṣáwà, omi ń ro tó-tó-tó, hítà ò sì tàn. Wọ́n gbé e padà fún ẹni tó tà á. Kò sóhun tó ṣe é. Ìyá ṣì ń san gbèsè, omi tí wọ́n gbé kaná ni wọ́n sì fi ń wẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi, nítorí a buwọ́ lùwé láìbéèrè nǹkan kan.

Kí ló fà á? Táǹkì wọn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sílẹ̀, ẹnu ṣáwà ga ní 7. Ẹsẹ̀ bàtà 1 péré ni omi fi ń já bọ̀. Gíga yìí ló ń fún omi lágbára, kì í ṣe títóbi táǹkì. Táǹkì lítà 2,000 kò ní ipá ju ti 500 lọ bí omi inú wọn bá ga bákan náà. (Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta táǹkì tàn yín.) Omi tó bá ti ẹsẹ̀ bàtà 33 wá ló ní ipá tí wọ́n ń pè ní bar 1, ti ẹsẹ̀ bàtà 10 kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Nínú hítà ojú-ẹsẹ̀, omi ló ń ti súwíìṣì kékeré kan kí iná tó wọlé, kí ó má baà jó lófìfo. Ìwọ̀n bar tó ń fẹ́ wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Hítà onítáǹkì ló bá ọ̀pọ̀ ilé wa mu. Omi ìbáà máa rọra wọlé, yóò gbóná. Ti lítà 50, oníwáàtì 1,500, yóò mú omi láti ìwọ̀n 25 dé 60 láàárín bíi wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20, yóò sì jẹ bíi yúnìtì iná 2. Bí iná bá lọ lẹ́yìn náà, omi ṣì ń gbóná fún wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n kò fi ipá kún omi o! Ẹni tó bá fẹ́ kí ṣáwà tú jáde dáadáa, kó gbé táǹkì sókè, kó lo páìpù ínǹṣì 3/4 dípò 1/2, kó sì dín ẹ́líbò kù. Pọ́ǹpù náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí iná bá lọ, òun náà lọ. Kí omi tútù àti gbígbóná ti inú táǹkì kan náà wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èyí tó lágbára yóò máa ti èkejì padà.

Fáàfù kékeré kan wà lára hítà tó ń jẹ́ kí ipá jáde, tó máa ń kán omi díẹ̀. Àwọn púlọ́ńbà kan máa ń dí i. Ẹ má gbà fún wọn, hítà lè bú gbàmù. Kí wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Láti oṣù yìí lọ, ẹni tó bá ń bọ̀ wá yáwó hítà, kó fi okùn wọn gíga láti ìsàlẹ̀ táǹkì dé ẹnu ṣáwà, kó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Ìyẹn la ó kọ́kọ́ wò.