Wá Di Sípánà Mú

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé iṣẹ́ sólà lo fẹ́ kọ́. Inú mi dùn sí i. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, àdúgbò wo lo máa dé n'Ìbàdàn tí o kò ní rí pánẹ́ẹ̀lì lórí páànù? Iṣẹ́ wà. Àmọ́ fídíò tí ò ń wò lórí fóònù yẹn kò tó. Lọ wá ọ̀gá tí yóò jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ ṣe é.

Wáyà iná NEPA ni mo fi ọjọ́ ayé mi fà. Nígbà tó yá tí mo fẹ́ mọ sólà, ọmọ tí mo lè bí ni mo lọ bá, mo sì ń pè é ní ọ̀gá. Ohun tó kọ́kọ́ ní kí n ṣe ni kí n bọ́ aago àti òrùka ọwọ́ mi. Ó bí mi nínú díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, bí òrùka yín bá kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀, yóò pọ́n bí ẹyin iná kí ẹ tó pariwo." Mo bọ́ ọ.

Bóòtù ni kí o kọ́ jù. Ínfátà tó bá ń gbé wáàtì 2,400 lórí bátìrì oní-fóòtì 24, áńpíà 100 ló ń fà. Bí o bá fi bóòtù kan ṣoṣo sílẹ̀ láì dè é le, ojú ibẹ̀ ni yóò máa gbóná lóru, nígbà tí onílé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti sùn, títí rọ́bà wáyà yóò fi yọ́. Ojú lásán kò lè rí i. Ọwọ́ tó ti dè é léraléra ló ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn oṣù kan, padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọn kò tilẹ̀ pè ọ́.

Má sì fi bíréékà iná NEPA sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Iná NEPA ń kú, ó ń jí, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni iná tó ń tàn yẹ̀rì lẹ́nu bíréékà fi ń kú. Ti pánẹ́ẹ̀lì kì í sinmi. Ó ní bíréékà tirẹ̀, ó wọ́n díẹ̀, rà á.

Mo ní sípánà kan tí wọ́n fi rọ́bà wé lápá, kò tíì gbó. Yà wá mú un lọ́la kí o tó lọ bá ọ̀gá rẹ.