Ìwé Ìròyìn Nigerian Tribune: Kí Ni A Rí Kọ́?

Gbogbo wa la máa ń fi Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 yangàn. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé kò lò ju ọdún 8 lọ. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ìwé náà bá wọn lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin.

Ìdí nìyí tí a fi mú Nigerian Tribune ṣe ẹ̀kọ́ wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Nínú àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà tó ṣì ń jáde tí kì í ṣe ti ìjọba, òun ni a mọ̀ sí àgbà.

Nígbà yẹn, Azikiwe ti ní West African Pilot ní Èkó láti 1937. Ní 1940, ó dá Eastern Nigerian Guardian sílẹ̀ níbí, ní Port Harcourt tiwa. Olóṣèlú tó bá fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ tẹnu òun ní láti ní ìwé ìròyìn tirẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group dé ní 1951, Tribune di ohùn ẹgbẹ́ náà. Àléébù wà níbẹ̀ o: ẹni tó bá kà á nìkan, ẹjọ́ apá kan ló gbọ́.

Ìdánwò kò pẹ́ dé. Ní 1963, wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Lateef Jakande, tó ti jẹ́ olóòtú àgbà Tribune, náà ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá Daily Sketch sílẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà. Ọdún 1966 ni Awólọ́wọ̀ àti Jakande tó gba ìdáǹdè, síbẹ̀ Tribune kò kú. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ kú ní 1987, ìyàwó rẹ̀, H.I.D., ló di ilé iṣẹ́ náà mú. Òun náà kú ní 2015, ìwé náà ṣì ń jáde.

Ẹ wá wo Daily Times, tó ti ń jáde láti 1926, tó sì lówó ju Tribune lọ. Ìjọba àpapọ̀ gba ìpín 60 nínú 100 rẹ̀ ní 1975. Láti ìgbà náà ló ti ń rẹ̀yìn, títí ìjọba fi tà á.

Kì í ṣe owó nìkan ló ń gbé ìwé ìròyìn ró. Ẹni tí yóò gbà á nígbà tí olùdásílẹ̀ kò bá sí nílé ni kókó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Lọ́dọọdún ni àwọn tó ń kọ ọ́ ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí wọ́n ń kúrò ní Port Harcourt. Ta ni yóò gbà á? Ẹ̀yin ọdún kìíní, ẹ má dúró kí wọ́n tó pè yín. Ẹ wá kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n ṣì wà nílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.