Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Pípààrọ̀ Ọ̀pá Adínfìkù Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ohun tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ni ìṣòro kan tí kò lè ṣàìbá ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé ìtọ́nà àtúnṣe ọkọ̀ sí èdè Yorùbá. Irin kan wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní sway bar, tí àwọn ará Britain ń pè ní anti-roll bar. Èdè Faransé, tí àwọn Yorùbá Benin àti Togo ń kà ní ilé-ìwé, ní orúkọ méjì fún un: barre stabilisatrice àti barre antiroulis. Àwọn mẹkáníìkì tiwa ní Nàìjíríà ń pè é ní sitabiláísà. Iṣẹ́ àtiyọ irin yìí kúrò ní ẹ̀yìn ọkọ̀ kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ẹni tí ó ní jáàkì, sípánà àti sùúrù lè ṣe é parí ní iwájú ilé rẹ̀ láàárín ìdajì ọjọ́. Ohun tí ó ṣòro ni sísọ bí a ti ń ṣe é ní èdè Yorùbá tí yóò yé ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yékéyéké, tí kò sì ní í ṣe ara rẹ̀ léṣe nítorí ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì lò.

Àwọn tí ó ṣíwájú ti la ọ̀nà fún wa. Ní 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde. Èkejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó jẹ àwọn ìwé wọ̀nyẹn lógún. Iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n dáwọ́ lé.

Ohun tí irin náà ń ṣe

Bí ọkọ̀ bá ń sáré tí awakọ̀ sì yà á sí apá òsì, ara ọkọ̀ yóò fì sí apá ọ̀tún. Sípíríǹgì ọ̀tún yóò sún kì, ti òsì yóò sì nà. Irin tí a ń wí yìí nà láti ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ dé èkejì. Àárín rẹ̀ gún, orí rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ sí apá kan náà, tí ó fi dà bí lẹ́tà U tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Búṣìn rọ́bà méjì ni ó gbé àárín rẹ̀ mọ́ férémù ọkọ̀. Irin kúkurú kan, tí a ń pè ní líńkéèjì, ni ó so orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. A lo ẹsẹ̀ níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹkáníìkì ti ń lò ó, fún gbogbo ohun tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá gòkè tí èkejì sì sọ̀ kalẹ̀, àárín irin náà yóò lọ́. Irin a máa tiraka láti padà sí ipò rẹ̀, ìtiraka yìí ni ó sì ń dín fífì ọkọ̀ kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ fífọ̀ ṣe àpèjúwe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn méjì fọ aṣọ ńlá, bíi kíjìpá, wọ́n sì di etí rẹ̀ méjèèjì mú kí wọ́n lè lọ́ ọ. Bí ẹni tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ bá rí i pé ìhà kan náà ni àwọn méjèèjì ń yí ọwọ́ sí, aṣọ náà yóò kàn máa yí lójú kan ni, ẹ̀kán omi kan kò ní í jáde. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yí i síwájú tí èkejì yí i sẹ́yìn, aṣọ yóò lọ́, omi yóò sì jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin yìí. Bí táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá jọ gun gegele tí a mọ sójú títì láti dín eré kù, àárín irin náà kàn ń yí nínú búṣìn ni, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Kí táyà kan ṣoṣo wọ kòtò, kíá ni yóò lọ́.

Nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n dàrú mọ́ ara wọn: lọ́, yí àti tẹ̀. Àárín irin náà ń yí nígbà tí iṣẹ́ kò kàn án, ó sì ń lọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá kàn án. Apá rẹ̀ ti tẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe é. A kò fẹ́ kí ó tún tẹ̀ mọ́. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ ‘irin náà tẹ̀’ níbi tí ó yẹ kí ó kọ ‘irin náà lọ́’ ti sọ fún òǹkàwé rẹ̀ pé irin ti bàjẹ́.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa sísanra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Bí a bá fẹ́ fi irin oní-mílímítà 22 rọ́pò oní-mílímítà 19, tí méjèèjì kò sì ní ihò nínú, òǹkàwé lè rò pé mílímítà 3 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ bí líle ọ̀kan ti ju èkejì lọ, a ní láti kọ ìdábùú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí a sì sọ ọ́ di púpọ̀: 19 × 19 × 19 × 19 jẹ́ 130,321, 22 × 22 × 22 × 22 jẹ́ 234,256. Bí gígùn àti ìrísí wọn kò bá yàtọ̀, líle irin tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1.8 ti àtijọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ó fẹ́ràn eré ọkọ̀ fi ń pààrọ̀ ti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni a ṣe kí ó máa ṣagídí díẹ̀ bí a bá yà á pẹ̀lú eré. Táyà iwájú a máa yọ̀ lọ sí ọ̀kánkán dípò kí ó yà. Ìkọ̀yà ni a dábàá fún ìwà yìí. Bí irin ẹ̀yìn bá le sí i, ẹrù tí ó ń bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn tí ó wà ní ìhà òde yóò pọ̀ sí i, bí àwọn táyà ẹ̀yìn ti ń di ilẹ̀ mú yóò dín kù, ìkọ̀yà yóò sì dín kù. Bí ó bá le jù, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: ìdí ọkọ̀ yóò fẹ́ ṣíwájú orí rẹ̀, pàápàá lójú títì tí òjò pa. Èyí ni a pè ní ìyàjù. Ìwé ìtọ́nà tí ó bá yin irin tó nípọn láìdárúkọ ìyàjù kò ṣe òótọ́ sí ẹni tí ń kà á.

Orúkọ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni sitabiláísà. Àwa kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rọ̀ àyálò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ nínú ilé ní Nàìjíríà pé sitabiláísà ti bàjẹ́, ẹ̀rọ tí ó ń gba fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ iná mànàmáná tí ń lọ sókè sódò ni gbogbo ilé yóò yíjú sí. Lábẹ́ ọkọ̀ pàápàá, orúkọ kan náà ni àwọn mìíràn fi ń pe irin gbọọrọ náà, líńkéèjì rẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀, tí ẹni tí a rán lọ sí ọjà yóò fi gbé ohun tí a kò rán an bọ̀.

Bí a bá túmọ̀ sway bar ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó rí ọ̀pá ìfì. Kò burú létí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ dojú rú. Ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ ni ọ̀pá tí a fi ń tẹ ilẹ̀. A jẹ́ pé ọ̀pá ìfì ni ọ̀pá tí a fi ń fì. Ọ̀pá ìdúróṣinṣin ní tirẹ̀ ṣe ìlérí ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ: ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti dán tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ti kú kò ní í dúró ṣinṣin nítorí irin kan. Ìwà ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà sì tètè ń mú wá sọ́kàn. Ọ̀pá adènà-ìfì ni ó sún mọ́ ọn jù, àmọ́ irin náà kò dènà ìfì. Ó ń dín in kù ni.

Ọ̀pá adínfìkù ni a dábàá. Ọ̀rọ̀-ìṣe dín kù gba ìfì sí àárín gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- sì sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ olùṣe. Fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ìfì ni a pa jẹ. Fì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Gbogbo ẹni tí ó mọ bọ́lẹ́kájà àtijọ́, tàbí tí ó ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹrù rẹ̀ wúwo sí apá kan, ni ó ti sọ ọ́ rí.

Búṣìn àti líńkéèjì ńkọ́? Kí a fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣẹ́ ti mọ̀, tí kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé já a gbà lẹ́nu wọn. Kí a ṣáà máa fi adínfìkù kún un, nítorí pé ọkọ̀ kan náà ní búṣìn mìíràn lọ́pọ̀lọpọ̀.

Iṣẹ́ náà

Irú ọkọ̀ tí a ní lọ́kàn ni Subaru Impreza, tí ọwọ́ tètè ń tó ọ̀pá adínfìkù ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú. Bí ìyẹn bá ti kúrò nílẹ̀, bíréèkì ọwọ́ kò wúlò mọ́. Nítorí náà táyà iwájú ni a ó fi wẹ́ẹ̀jì há, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ti sọ di ti Yorùbá. Jáàkì ni a fi ń gbé ọkọ̀ sókè. Kì í ṣe òun ni a fi ń gbé e ró. Sítáàǹdì irin méjì tí gíga wọn dọ́gba ni a fi ń gbé e ró, níbi tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà tọ́ka sí. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ìyàtọ̀ gbé sókè àti gbé ró yìí, olùtúmọ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ó wà lókè pọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá rọ̀ sílẹ̀ tí èkejì ṣì wà lórí ilẹ̀, ọ̀pá ti lọ́ nìyẹn, agbára sì ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì líńkéèjì báyìí, apá rẹ̀ lè ta bá ọwọ́ tàbí ojú. Ẹni tí ó ti gbọ́ àpèjúwe aṣọ kò ní í béèrè ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí a fi epo tí ń tú ìpẹtà sí àwọn nọ́ọ̀tì, kí a sì fún un láyè kí ó wọlé. Dẹ̀ àti tú tún yàtọ̀ síra: a dẹ gbogbo nọ́ọ̀tì ná, kí a tó tú èyíkéyìí kúrò. Irin inú líńkéèjì a máa bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ yí. Irin onígun mẹ́fà tí ó tẹ̀ bí ìkọ́, èyí tí a ń pè ní L-key, ni a fi ń dá a dúró. Bí a bá ti tú líńkéèjì méjèèjì, kí a tú irin tí ó de búṣìn mọ́ férémù, kí a sì fa ọ̀pá jáde.

Búṣìn tuntun ni ó yẹ ọ̀pá tuntun, nítorí pé ihò búṣìn àtijọ́ kò ní í gba èyí tó sanra. Bí ó bá jẹ́ ti polyurethane, gíríìsì sílíkóònù ni a ń fi kùn ún nínú. Gíríìsì tí a fi epo rọ̀bì ṣe a máa ba rọ́bà jẹ́. Àwọn ọ̀pá kan ní ihò méjì tàbí mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan. Ihò tí ó jìnnà sí orí, tí ó súnmọ́ ibi tí apá ti tẹ̀, ni ó ń mú ọ̀pá le jù, nítorí pé ó sọ apá náà di kúkurú. Ihò kan náà ni kí a lò ní ọ̀tún àti ní òsì.

Fún dídì í padà, ọwọ́ ni a kọ́kọ́ fi ń dè é, kí a tó fi sípánà fún un. Bí ọ̀pá bá ti wà ní àárín gbùngbùn, tí táyà sì ti ru ọkọ̀, ni kí a wá fi sípánà tí ń wọn ìfún fún un dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Nínú àwọn ìtumọ̀ kan, fún un pinpin ni a ń kọ sí ibi gbogbo. Bóòtù a sì já.

Ohun kan kù tí Yorùbá ní lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí a kò sì tíì fi sínú èdè-ìperí wa: ọ̀rọ̀ tí ó ń fara wé ìró. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a wa ọkọ̀ lọ díẹ̀, kí a sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá ń dún kọ́kọ́kọ́ nígbà tí táyà kan bá wọ kòtò, nọ́ọ̀tì líńkéèjì ni kò fún tó. Bí ó bá ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, búṣìn ni gíríìsì kò dé.