Ẹ Jẹ́ Kí Èjìká Sọ̀ Kalẹ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọmọ tó ń fi ìkánjú ṣiṣẹ́ la sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìsinmi ló bá mu jù. Ẹni tó ti bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tó tún bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wálé, tó wá dùbúlẹ̀ tó ń pàṣẹ fún ara rẹ̀ pé kó sùn tipátipá, oorun á dá lójú rẹ̀ ni. Oorun kì í ṣe ewúrẹ́ tí a ń fokùn fà.

Ẹ wo télọ̀ tí aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé ṣì wà nílẹ̀ fún ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èjìká rẹ̀ ti ká dé ìdí etí, ó pa eyín pọ̀, kò sì mọ̀. Bí ẹ bá bi í, á ní ọrùn ló kàn ń dun òun, á rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra òògùn ara ríro. Ìdààmú ló mú kí ara rẹ̀ máa múra ìjà: àyà ń lù kìkì, èémí kúrú, ẹ̀jẹ̀ ń ru, iṣan le. Ìyẹn wúlò bí ajá bá ń lé ni. Aṣọ ẹbí kì í ṣe ajá, kò síbi tí a ó sá gbà, ara á sì wà lórí ìmúra títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ iṣan yìí kó tó gbé ìwé Progressive Relaxation jáde ní 1929. Ohun tó rí ni pé ẹni tí kò mọ̀ pé ara òun le kò lè dẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá ń kọ́ni pé kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ mú un le, kó lè mọ ìyàtọ̀.

Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀, ẹ tú ìgbànú tàbí gèlè tó bá fún. Ẹ di ìkúùkù, kó le díẹ̀, kó má dunni. Ẹ ka 1 dé 5, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ máa kíyè sí bí ọwọ́ ṣe ń wúwo, tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, títí ẹ ó fi ka 20. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà, òun náà sì ni àwọn oníkánjú máa ń fò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé èjìká sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fún ojú pọ̀, ẹ tú u ká. Ikùn, itan, ìka ẹsẹ̀, bákan náà. Ẹ má sé èémí o. Ẹ jẹ́ kí èyí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Ibi tó bá ti ní egbò tàbí tí iṣan ti máa ń fà, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ọkàn bá ṣì ń rìn, Herbert Benson ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard, nínú ìwé rẹ̀ ti 1975, ní kí a mú ọ̀rọ̀ kan tàbí àdúrà kúkúrú, kí a máa sọ ọ́ bí a bá ti ń mí síta, fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Bí ìrònú gbèsè bá yọjú, ẹ má bá a jà, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ yín. Àwọn ìyá wa tó ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun ti wà lójú ọ̀nà yẹn tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe iṣan wọn.

Ìdẹ̀ra yìí kò ní bá yín san owó ilé o. Ẹ má sì dúró di ọjọ́ tí orí bá gbóná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ara bá rọ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ, lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nídìí ọkọ̀. Bí ó bá ń dá kún ìbẹ̀rù yín, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí èyí pa á tì, ẹni tí àìsùn rẹ̀ kò sì lọ, kó lọ rí dókítà.