Èso Abẹ́ Igi àti Ìṣirò Yorùbá

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín kì í ṣe èyí tí mo rí nínú ìwé. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti bá a pàdé lábẹ́ igi, nígbà tí mo lọ kàwé níbẹ̀, tí èmi, ìyá àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé inú yàrá méjì ní àdúgbò Peckham.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí àkókò náà ti rí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Láti oṣù Sẹ́tẹ́ńbà títí dé òpin Nòfẹ́ńbà ni ìgbà ìwọ́wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sán a máa kúrú sí i lójoojúmọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní àárín Nòfẹ́ńbà, kété tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá kọjá ni oòrùn ń wọ̀. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ igi á dẹ́kun àti máa ṣe èròjà tí ó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Àwọ̀ ìyeyè tí a wá ń rí kì í ṣe tuntun. Ó ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀, èròjà yìí ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ewé tí ó ń pọ́n, ṣúgà inú wọn ni igi fi ń ṣe àwọ̀ pupa náà ní àkókò yẹn gan-an. Lẹ́yìn èyí igi á dí ibi tí ìdí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ewé á sì já.

Owó ọwọ́ wa kéré, a kò sì lè kó àwọn ọmọ lọ sí ibi ìgbafẹ́ kankan. Èyí kò dùn mí tó ti ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún méje, tí kò fẹ́ fi Yorùbá dá wa lóhùn mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ní, “Wá jẹun,” èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi fèsì. Mo bá a wí títí. Mo gbé ìwé ABD lé e lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni mí o!

Ní Sátidé kan ìyá wọn wí fún mi pé, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí ìwé yìí sinmi. Ẹ kó wọn jáde kí n rí àyè dáná.” A lọ sí pápá kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ilé wa. Àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ ká, ariwo rẹ̀ sì ń dùn mọ́ wọn. Lábẹ́ igi óákì ni a ti rí èso rẹ̀ tí ó tẹ́ ilẹ̀ lọ. Ó ń dán, ó sì dé fìlà kékeré. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ de ìgbà òtútù, èyí tí ó bá sì gbàgbé lè hù. Ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé, “Bàbá, kí ni ẹ ń pe èyí ní Yorùbá?” Mo ní a kò ní orúkọ fún un, nítorí igi náà kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n a lè fi ṣe ọmọ ayò.

“Kí ni ayò?” Ọmọbìnrin náà ni ó bèèrè, Yorùbá ni ó sì fi bèèrè. N kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo kíyè sí i.

A kó èso náà kún àpò. Nígbà tí a délé, mo mú páálí ẹyin tí ó ní ojú méjìlá, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, mo sì fi mẹ́rin mẹ́rin sí ojú kọ̀ọ̀kan. Mo ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ọmọbìnrin náà ní kí ló dé tí orúkọ náà gùn tó báyìí. Mo ní kí wọ́n ka èso ní ogún ogún sí òkìtì mẹ́ta. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Mo ní kí wọ́n mú mẹ́wàá kúrò. Ó ku àádọ́ta. Mo ní kí wọ́n tún mú méjì kúrò. Ó ku méjìdínláàádọ́ta. Ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, “Àṣé ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni ẹ̀yin àgbà ń kà!” Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ṣe òkìtì mẹ́rin, ó mú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ó ń bi mí bóyá àádọ́rin nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ta ayò ní alaalẹ́. Òpè ni mo jẹ́. Ìyá wọn ni ọ̀ta. Páálí náà kò gba odù, èso a máa yí dànù. Kòkòrò funfun sì jáde láti inú àwọn kan, ìyá wọn kò sì fojú rere wò wá ní ọjọ́ náà.

Níhìn-ín ní ilẹ̀ Hausa, níbi tí mo ti ń kọ́ni nísinsìnyí, kò sí óákì. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn igi osè náà ń wọ́wé, èso rẹ̀ á sì ku lórí ẹ̀ka. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a fọ́ ọ, wọ́n á lá ìyẹ̀fun kíkan inú rẹ̀, wọ́n á sì fọ hóró rẹ̀ mọ́. N kì í sọ ìtumọ̀ àádọ́ta fún wọn ṣáájú. Mo ń dúró de ọmọ tí yóò bèèrè.