Wárápá: Dókítà Tó Máa Béèrè Ọ̀rọ̀ Ni Kí Ẹ Wá

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo wọn láti ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ọ̀rọ̀ wárápá sì ni wọ́n dá lé. A yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ kúrò.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Tòmátò ni mò ń tà ní ọjà Mile 12. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 16, láti ọmọ ọdún 13 ni wárápá ti ń gbé e. A ti gbàdúrà, a ti lo àgbo. Lọ́dún tó kọjá mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Dókítà ò tíì bá wa jókòó dáadáa tó fi kọ carbamazepine fún un. Kàkà kó dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Láàárọ̀, tó bá di ife tíì mú, ọwọ́ rẹ̀ á kàn ta lójijì, ife á fò lọ. Wọ́n ní kí n wá dókítà ọpọlọ. Níbo ni mo ti máa rí i, báwo ni mo sì ṣe máa mọ èyí tó dáa? — Ìyá Ọlọ́mọ, Mile 12*

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ ife tíì yẹn ló máa wúlò fún dókítà jù lọ, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu yín níwájú rẹ̀.

Wárápá kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Iná kéékèèké ni ọpọlọ wa fi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí iná yìí bá ṣàdédé ṣiṣẹ́ kọjá ààlà ni wárápá máa ń gbé ènìyàn. Ti ẹlòmíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ibì kan nínú ọpọlọ, ti ẹlòmíràn máa ń gba gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú kan wà tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà. Ọwọ́ ọmọ náà á máa ta fìrì láàárọ̀ kété tó bá jí, nǹkan á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ míì á sì ṣubú lulẹ̀. Àìsùn tó ló máa ń ru ú sókè jù. Carbamazepine àti phenytoin jẹ́ oògùn gidi fún wárápá tó bẹ̀rẹ̀ láti apá kan ọpọlọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú kí irú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí le sí i. N kò rí ọmọ yín, n kò sì lè sọ pé òun ló ń ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dókítà tí kò bá bi yín nípa ọwọ́ títa láàárọ̀ kò lè mọ irú èyí tó jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ohun tí mo kọ yìí da oògùn náà nù lónìí. Ẹni tó bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, ó lè máa gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí. Dókítà ló máa fi díẹ̀díẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ lè ṣe láti alẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ oorun. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tòmátò láti òkè Ọya máa ń já ẹrù ní Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ yìí ló ń bá yín ru apẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, ẹ wá alábàárù, kí ẹ jẹ́ kó sùn.

Ní ti bí ẹ ṣe máa mọ dókítà ọpọlọ tó dáa: ẹ wo bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Kí ló ń ṣe kó tó gbé e? Ṣé ojú rẹ̀ yí sápá kan? Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló ń gbọ̀n ni àbí ẹyọ kan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó gé ahọ́n jẹ, ṣé ó tọ̀ sára? Báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó dá yín mọ̀? Nígbà tí ẹ bí i, ṣé ó tètè ké? Ṣé gìrì mú un rí nígbà tó wà ní kékeré? Ta ló tún ní in nínú ẹbí? Dókítà tó bá bi yín ní gbogbo èyí ń ṣiṣẹ́ ni, kò fi àkókò yín ṣòfò. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dáhùn púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí kì í mọ̀ nígbà tó bá gbé e. Nítorí náà, ẹni tó ti rí i lójú ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn ló máa ń rí i, ẹ mú ẹ̀gbọ́n náà dání. Tó bá gbé e, kí ẹnì kan dúró tì í kó má ṣèṣe, ṣùgbọ́n kó má dì í mú, kí ẹlòmíràn fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan lè sọ ohun tí lẹ́tà gígùn ò lè sọ. Ẹ sì ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tó bá gbé e sínú rẹ̀.

Bíbéèrè ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà nílẹ̀ wa gbára lé. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Èkìtì, tó ṣe dókítà ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn kó tó kú ní 1995, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n wọ ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, wọ́n ń bi àwọn ará ìlú ní ìbéèrè, kí wọ́n tó yẹ àwọn tí ìdáhùn wọn fu wọ́n lára wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bíi márùn-ún ló ní wárápá. Ẹ̀rọ EEG tó ń ka iná ọpọlọ wúlò, àwòrán MRI náà wúlò, ṣùgbọ́n EEG ẹni tó ní wárápá lè jáde bíi ti ẹni tára rẹ̀ le. Dókítà tó bá wo bébà EEG nìkan, tó ní kò sí nǹkan kan, tí kò gbọ́ ẹjọ́ yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ibi tí ẹ máa lọ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, bóyá èyí tó wà ní àdúgbò tàbí ọsibítù Gbàgádà. Ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ọ̀nà méjì ló dára jù fún ará Kétu àti Mile 12: ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà, tí ẹ máa gba Ọjọ́ta àti Maryland lọ, àti LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí ẹ máa tọ títì Ìkòròdú dé Ojúẹlẹ́gbà. Níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ẹ béèrè ọjọ́ tí “neurology clinic” máa ń wà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí ọmọ, torí dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé wà lọ́tọ̀, ti àgbàlagbà wà lọ́tọ̀. Ẹ tètè jáde, èrò máa ń pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dókítà kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀dọ́ tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín dé òpin sàn ju olókìkí tó ń wo aago lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó.

Bó bá jẹ́ aládàáni ni ẹ fẹ́ lò, ẹ béèrè bóyá ó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà àgbà, yálà ti Nàìjíríà tàbí ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti pé ọpọlọ gan-an ló kọ́. Kò sí àrífín nínú ìbéèrè yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dárí yín sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ibi ìtọ́jú wèrè, ẹ má sá. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà, wọ́n ń tọ́jú wárápá níbẹ̀, wárápá kì í sì í ṣe wèrè.

*Ẹ̀gbọ́n, Ìkòsì ni mò ń gbé, aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún 24. Epilim ni mò ń lò láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti gbé mi kẹ́yìn. Mo fẹ́ ṣègbéyàwó ní ìparí ọdún. Dókítà mi ò bi mí nípa ọmọ bíbí rí. Àfẹ́sọ́nà mi ò mọ̀ pé mo ní in. Màmá mi ní kí n má sọ, kí n kàn dá oògùn dúró kí n tó lóyún. — Aránṣọ, Ìkòsì*

Àbúrò mi, ẹ̀rù ló ń ba màmá rẹ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún ọ léwu.

Valproate ni oògùn tó wà nínú Epilim. Tí obìnrin bá lò ó nígbà oyún, bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá ló máa ń ní àbùkù ara, ọmọ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá sì lè ní ìṣòro nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀kọ́ tàbí ìhùwàsí. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n má ṣe fún obìnrin tó lè lóyún bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bí o bá sì dá a dúró fúnra rẹ, tó wá gbé ọ nínú oyún, ìwọ àti ọmọ lè bá a lọ. Àárín méjèèjì yìí ni dókítà ọpọlọ máa ń là. Ó lè rọra gbé ọ kúrò lórí valproate bọ́ sórí oògùn bíi levetiracetam tàbí lamotrigine, kó fún ọ ní folic acid, kó sì ní kí o dúró díẹ̀ kí oyún tó dé. Oṣù mélòó kan lèyí máa gbà, nítorí náà ìsinsìnyí ló yẹ kí o lọ, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Dókítà tó ń kọ valproate fún ọmọbìnrin tí kò sì bá a sọ̀rọ̀ oyún rí, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Kọ́kọ́ fún un láǹfààní: wọlé, sọ pé, “Dókítà, mo fẹ́ lọ́kọ, mo sì fẹ́ bímọ.” Bó bá ṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà kù, gba ìwé rẹ kí o wá ẹlòmíràn. Sọ fún un pẹ̀lú tí o bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, torí carbamazepine àti àwọn oògùn wárápá mélòó kan máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára.

Sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ. Wárápá kì í ràn nípa ìfófó ẹnu tàbí nípa jíjẹun pọ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú ọmọ àwọn tó ní in kì í ní in. Òun ni yóò máa sùn tì ọ́ lóru, òun ni dókítà máa bi ní ìbéèrè. Bó bá máa lọ nítorí èyí, ó sàn kó lọ kí ẹ tó gé aṣọ ẹbí.

*Mo ń ta irin ní Òwódé Onírin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà mi ti pààrọ̀ oògùn, ó ṣì ń gbé mi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Owó oògùn ti ga ju agbára mi lọ, mo máa ń gé kóró kan sí méjì nígbà míì. Ṣé kí n wá owó lọ sí Íńdíà? — Onírin*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Oògùn tí ẹ gé sí méjì kò tíì kùnà, ẹ kò tíì lò ó. Mo mọ bí ọjà ṣe rí: ní 2023, ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, Sanofi tó ń ṣe Epilim náà ní òun máa fi títa oògùn òun lé alágbàtà lọ́wọ́, gbogbo wa la sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó oògùn ní kẹ́mísì. Dókítà tó dáa gbọ́dọ̀ béèrè pé, “Ṣé ẹ lè máa ra èyí lóṣooṣù?” Bí kò bá béèrè, ẹ sọ fún un. Phenobarbital ti wà fún wárápá láti 1912, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oògùn olówó kékeré tí ẹ lò pé sàn ju olówó ńlá tí ẹ ń gé lọ.

Bí ẹ bá ti lo oògùn méjì tó bá irú wárápá yín mu, tí ẹ lò ó pé, tó ṣì ń gbé yín, ìgbà yẹn ni dókítà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lákọ̀tun: ṣé wárápá ni lóòótọ́, àbí ọkàn ló ń dá yín kú? Ṣé àpá tàbí kókó wà nínú ọpọlọ tí MRI lè fi hàn, tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò? Látìgbà tí Látúndé Òdékù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH ní 1962 ni iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀ wa. Ẹ parí ìbéèrè yìí níbí kí ẹ tó ta ohunkóhun nítorí Íńdíà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bíi 70 nínú 100 tó ní wárápá ló lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìtọ́jú bá tọ́.

Títí dìgbà náà, ẹ má gun orí tírélà, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń gé irin. Kí ẹ sì kọ́ àwọn tí ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù: tó bá gbé yín, kí wọ́n kó irin kúrò nítòsí, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ yín lélẹ̀, kí wọ́n wo aago. Kí wọ́n má ti ṣíbí bọ̀ yín lẹ́nu, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ yín síná, kí wọ́n má rọ àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà sí yín lọ́nà ọ̀fun. Àgbo yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti ba ọpọlọ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó gbé yín lẹ́ẹ̀kejì kí ojú yín tó wálẹ̀, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù ni kí wọ́n gbé yín lọ. Kí wọ́n má dúró de dókítà ọpọlọ.