Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Bá Kọ̀

Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í já ewé kí ó tó mọ àrùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni, bí kọ̀ǹpútà ilé kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì gbà lórí Wi-Fi, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí àbùkù wà.

Ẹ pa dátà fóònù kan, kí ẹ sì fi Wi-Fi kan náà dán an wò. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ yẹ kọ̀ǹpútà wò: bóyá a ti pa Wi-Fi rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ìwọlé ti yí padà. Bí fóònù náà bá kọ̀, ẹ pa ráútà tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó tún un tàn. Bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, ẹ wádìí bóyá owó ti tán, tàbí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń tà á. Bí ó bá sì ń wá, tí ó ń lọ, ẹ gbé kọ̀ǹpútà súnmọ́ ráútà. Ògiri a máa dín agbára rẹ̀ kù.

Ẹ má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè mọ èyí tí ó wò ó sàn. Ẹni tí kò wádìí a máa gbé kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le lọ fún àtúnṣe, a sì náwó dànù.